Páànù Méjì Lábẹ́ Bàálù

Bí Bàbá Rọra bá fẹ́ ṣí páálí tuntun, bí ìyá ṣe ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ló ṣe máa ń ṣe é. Kì í fa téèpù ya. Yóò fi èékánná wá etí rẹ̀, yóò gbé e díẹ̀, yóò dúró, yóò tún gbé e díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣí láì bó páálí lára. Bí ẹlòmíràn bá na ọwọ́ pé òun fẹ́ bá a dá sí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbọ́: "Rọra." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ níbi iṣẹ́ nígbà tó ṣì ń tún ara bàálù ṣe, orúkọ náà sì bá a fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá Ìbejì. Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé Rọra ni orúkọ àbísọ rẹ̀, wọ́n á kí i láàárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Rọra," yóò sì dá wọn lóhùn.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi wà lábẹ́ bàálù. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó lẹ́tà àti ẹrù kéékèèké káàkiri ló bá ṣiṣẹ́. Àwọn awakọ̀ ló ń fò, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ló ń gbọ́ ìyìn, òun àti àwọn bíi tirẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tí wọ́n ń kan páànù. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìẹ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, òun bẹ̀rẹ̀ sí í to bàálù oníke. Wẹ́wẹ́ ni bàálù oníke máa ń wà nínú páálí, tí gbogbo ègé rẹ̀ so mọ́ férémù bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tó rà á ni yóò gé wọn kúrò, tí yóò fi fáìlì dán etí wọn, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò kùn wọ́n lọ́dà, títí yóò fi dà bíi bàálù gidi tí wọ́n fọ̀ tó súnkì. Ìyá Ìbejì kò rí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Ó ní ó sàn ju kí ọkọ òun máa tú ìlẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ palẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní ìlú náà tó mẹ́sàn-án, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n sì máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Iṣẹ́ Bàbá Rọra láàárín wọn ni ohun tí wọ́n ń pè ní ojú àkọ́kọ́. Bí bàálù oníke tuntun bá dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, òun ni wọ́n ń gbé e fún kó wò ó, kó kọ ohun tó rí sórí ìwé, kó wá kà á sí gbogbo wọn létí. Òfin kan wà tí kò gba àwáwí: títí wọn yóò fi ka ìwé náà, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ègé kankan, fáìlì kò gbọdọ̀ kàn án, ẹnu gọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà. "Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n gbé fún yín," ló máa ń wí, "kẹ́ ẹ tó máa tún un ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo ayé ń pè ní Sítọ́ọ̀, nítorí pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ bàálù kan náà, tó ń ka ìṣó fún àwọn tí yóò lọ kàn án. Sítọ́ọ̀ kì í to bàálù. Tirẹ̀ ni kíkà. Kí wọ́n tó ka ojú àkọ́kọ́, yóò wá ka gbogbo ègé inú páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò kọ iye wọn sílẹ̀, yóò sì sọ bóyá wọ́n pé tàbí wọn ò pé. Kò tíì ṣi nǹkan kà rí. "Ọwọ́ mi ni ò dáa," ló máa ń sọ, "ojú mi dáa." Àwọn ará ẹgbẹ́ á rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọra kì í bá wọn rẹ́rìn-ín sí èyí.

Ní Ọjọ́rú kan, páálí kan dé láti òkè òkun. Ọmọbìnrin inú ìbejì ló fi ránṣẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé péńpé kan: "Bàbá, ẹ wo ohun tí mo rí. Ṣé kì í ṣe tiyín nìyí?"

Tirẹ̀ ni lóòótọ́. Àwòrán bàálù lẹ́tà ẹlẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n yà sójú páálí, tó ní imú gbọọrọ, tí apá rẹ̀ wà lókè, irú èyí tí Bàbá Rọra fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú irú rẹ̀, orí òpó mẹ́ta lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ló sì wà, níbi tí wọ́n gbé e kọ́ nígbà tó gbó kọjá fífò. Ní ọdún tó kọjá, àwọn mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù oníke gbé àkàbà wá síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń fi iná wọn nǹkan, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́rin wọn bàálù náà lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Rọra lọ bá wọn níbẹ̀. Ó ń nàka sí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó ń sọ ìtàn, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní fi bíńtín sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Ó wẹ ọwọ́, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé férémù mẹ́fà jáde, ó tò wọ́n. Ike aláwọ̀ eérú ni, ó le níwọ̀n, kò sì ní òróró lọ́wọ́. Gíláàsì fèrèsé bàálù wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ó gbé e lé orí ìwé ìròyìn, ó sì ka ìwé láti inú rẹ̀ láì fojú pọ̀. Àwọn rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó olórí pẹlẹbẹ tó ń so páànù pọ̀, hàn lára apá, wọn ò sì tóbi jù bí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ń ṣe wọ́n, tí bàálù á wá dà bí ọmọ tó yọ ìléròrò. Táyà rẹ̀ tẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀ bí táyà tó ru ẹrù. Àga awakọ̀ ní ìṣẹ́po awọ. Awakọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, ní ojú ẹni tí eyín ń dùn. Bàbá Rọra kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ojú awakọ̀ kò dára. Kí ẹni tó bá lè fi akoto bò ó fi bò ó."

Ìyá Ìbejì gbé tíì wá, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa kọjá sísọ. Ìdí abẹ̀bẹ̀ iwájú sanra díẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀."

"Ẹ mu tíì yín o. Tíì ò mọ̀ pé bàálù dé."

Ègé tó gbẹ̀yìn nínú férémù kẹta ni abẹ́ bàálù, odindi kan, tó gùn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì mú awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Páànù àlẹ̀mọ́ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá imú, ọ̀kan lẹ́bàá ìrù, tí wọ́n fi bo ibi tí bàálù gidi ti luhò nígbà kan. Ó rántí wọn. Ó sún awò mọ́ wọn.

Ẹni tó bá ti wo òrùlé rí mọ̀ pé páànù òkè ló ń gun orí páànù ìsàlẹ̀, kí òjò má bàa rí ibi wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára bàálù, àfi pé afẹ́fẹ́ ni òjò tirẹ̀, iwájú ló sì ti ń wá. Etí iwájú páànù àlẹ̀mọ́ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ páànù tó ṣíwájú rẹ̀. Bí ó bá yíjú padà, afẹ́fẹ́ á ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, á sì máa ṣí i bí ẹni ń ṣí ìwé. Páànù tó wà lẹ́bàá ìrù dára. Èyí tó wà lẹ́bàá imú yíjú padà. Etí rẹ̀ yọ síwájú. Kò nípọn ju fọ́nrán irun méjì lọ, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Bàbá Rọra gbé awò kalẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Tíì rẹ̀ tutù sórí tábìlì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n kan páànù méjèèjì, lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ náà, bàálù mìíràn dí ọ̀nà, wọ́n wá fi ìrù ti bàálù lẹ́tà wọ ilé àtúnṣe, èyí tí wọn kì í ṣe. Bàbá Rọra mú ihò ẹ̀bá imú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní Sítọ́ọ̀ lẹ́yìn náà, tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, mú ti ẹ̀bá ìrù. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ bàálù kì í rí imú, kì í rí ìrù, páànù nìkan ló wà lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ibi tí iwájú wà, torí pé ibì kan náà ni iwájú máa ń wà lójoojúmọ́. Àbúrò náà ò tíì ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde láti lọ wo imú bàálù kó tó fi páànù tirẹ̀ lélẹ̀, àwọn àgbà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ó rò pé imú ti sá lọ ni. Bàbá Rọra ò jáde lọ wo nǹkan kan. Wọ́n ti pè é láti ilé ìwòsàn pé ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ó kan rífẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí àbúrò bá òun fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ páànù méjèèjì, ó sáré lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Rọra ò rọra nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, bàálù wà lókè nígbà tí awakọ̀ gbọ́ ohun kan tó ń lu abẹ́ rẹ̀. Ó balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ọ̀gá ayẹ̀wò wọ abẹ́ bàálù, ó jáde, ó kọ ọ́ pé páànù àlẹ̀mọ́ kan yíjú padà. Kò kọ èwo. Ó yẹ ìwé iṣẹ́ wò, ìbuwọ́lùwé ẹnì kan ṣoṣo ló rí níbẹ̀. Bàálù náà ti gbó tẹ́lẹ̀, wọn ò wulẹ̀ tún páànù náà kàn mọ́. Wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sẹ́nu géètì. Wọ́n sì ní kí àbúrò náà má fẹsẹ̀ tẹ ilé àtúnṣe mọ́.

Ó wá bá Bàbá Rọra nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìbejì ń ké nínú yàrá. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ṣé tèmi ni?"

Bàbá Rọra, tó ti mọ̀ pé tòun ni, gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, "Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nínú gbogbo irọ́ tí ènìyàn lè pa, kò sí èyí tó ń tọ́jọ́ tó òótọ́ tí a gbé síbi tí kò yẹ. Ọmọkùnrin náà gbà pé tòun ni, ó sì lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Bàbá Rọra ṣe fọ́máànù. Ó lọ bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má lé àna òun lọ, kí wọ́n fi í sí sítọ́ọ̀, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìdílé ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé bí ọ̀rọ̀ bá tutù, òun yóò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tutù, kò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Bàbá Rọra ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti ń rò ó pé òtítọ́ ti ṣìnà.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò kọ nǹkan kan. Ìyá Ìbejì bá a níbi tó jókòó sí, tó kọjú sí páálí tí ó ti tún pa dé.

"Ṣé ẹ ti sọ fún Sítọ́ọ̀ pé bàálù yín ló dé?"

"Yóò rí i ní Sátidé."

"Inú ẹ̀ á dùn." Ó ń nu tábìlì, ó gbé páálí sókè, ó nu abẹ́ rẹ̀. "Mo máa ń rò ó nígbà míì. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ibo ni ì bá wà lónìí? Ilé iṣẹ́ wo ni ì bá gbà á, pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn?"

Bàbá Rọra ní kó rọra gbé páálí náà sílẹ̀.

Ọ̀sán Ẹtì ló mú fáìlì. Ó ti rò ó láti gbogbo ọ̀nà. Sítọ́ọ̀ yóò wá kà á lọ́la, gbogbo ègé ló sì máa ń gbé sójú. Bí ó bá rí abẹ́ bàálù, yóò mọ páànù tirẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó ń gbàgbé páànù àkọ́kọ́ tó kàn. Yóò rí i pé tòun dára. Yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni fáìlì pẹlẹbẹ máa gbà láti tẹ́ etí ike náà. Ta ni yóò bi í? Ẹnikẹ́ni tó bá ra irú rẹ̀ á rò pé àṣìṣe ilé iṣẹ́ ni, á sì fi fáìlì rẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà. Ó tẹ férémù mọ́ tábìlì, ó fa fáìlì lẹ́ẹ̀kan. Ìró rẹ̀ dún ṣín-ín.

Ó dúró. Kì í ṣe ìwà mímọ́ ló dá a dúró, ká má purọ́ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti ń wo bàálù oníke, kò tíì fi irin kan ègé tí wọn ò tíì kà, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ojú tì í fún ike náà kó tó tì í fún ènìyàn. Ẹ̀yìn náà ló wá rò ó pé páálí irú èyí ti wà ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé báyìí, àìmọye wọn, pẹ̀lú ìkánjú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti pé òun ò ní fáìlì tó lè dé ibẹ̀. Ó dá férémù padà sínú páálí. Kò sùn dáadáa.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé ni Sítọ́ọ̀ dé, pẹ́ńsù lẹ́bàá etí, ìwé lábíyá. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ilé ìdáná, ó bu wàrà mu, ó wọ yàrá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

"Àna mi, káàbọ̀."

Nígbà tó rí àwòrán ojú páálí, ó dúró díẹ̀. "Òun nìyí," ló wí. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ ká kà á. Mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Méjìdínlọ́gọ́fà."

Sítọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò fi ìka kan ègé, yóò pè é, yóò fa ìlà sórí ìwé. Bàbá Rọra jókòó níwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. Férémù kìíní pé, ìkejì pé. Sítọ́ọ̀ gbé ìkẹta. "Mọ́kànléláàádọ́ta. Méjìléláàádọ́ta." Ó gbé abẹ́ bàálù sún mọ́ ojú, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Hùn."

"Ẹ ti rú òfin yín. Ojú fáìlì rèé. Ẹ̀ẹ̀kan péré, àmọ́ fáìlì ni. Àbí èkúté ilé yìí náà ti ń kọ́ṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Kí ló wá bí yín nínú tó bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Rọra lè sọ pé ọwọ́ ló ṣèèṣì. Ó na awò sí i. "Wò ó," ló wí. "Wo páànù méjèèjì."

Sítọ́ọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó tún padà sí èyí tó kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó kàn jókòó síbẹ̀ láìní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu Bàbá Rọra. "Wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn, mi ò lọ wo imú, ìrù ni wọ́n fi tì í wọlé, mo sì fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi mí ṣe fọ́máànù, mo wá..."

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n," ni Sítọ́ọ̀ wí, kò gbé ojú kúrò nínú awò. "Ẹ rọra."

Nínú ilé ìdáná, Ìyá Ìbejì ń to abọ́.

"Ti ẹ̀bá ìrù ni tèmi," ni Sítọ́ọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa."

"Ó dáa gan-an."

"Mo jáde lọ wo imú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín."

"Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Sítọ́ọ̀ gbé awò sílẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù. "Mẹ́tàléláàádọ́ta," ló wí, ó sì fa ìlà. Ó ka ìyókù bó ṣe máa ń kà á, kò yára, kò fà á, férémù kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, dé orí gíláàsì inú ọ̀rá. Ó kọ iye rẹ̀ sísàlẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. "Méjìdínlọ́gọ́fà. Wọ́n pé."

Bàbá Rọra ní, "Dákun, forí jì mí."

Sítọ́ọ̀ ò ní òun ti forí jì í, kò sì ní òun ò ní forí jì í. Ó ní, "Mo bi yín nígbà yẹn."

"O bi mí."

"Ẹ ní ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni." Ó ń dá àwọn férémù padà sínú páálí, bí wọ́n ṣe tò ó gan-an. "Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gba abẹ́ bàálù yẹn kọjá, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mi ò gbójú sókè wò ó rí, ẹ̀gbọ́n. Ojú ń tì mí. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni mo máa ń kà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni láti ẹnu géètì dé sítọ́ọ̀. Bí mo bá tún kà á lọ́jọ́ kejì, iye kan náà ni."

Bàbá Rọra fẹ́ dìde láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Sítọ́ọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jókòó. Kí lẹ kọ sínú ìwé yín nípa abẹ́ rẹ̀?"

"Mi ò tíì kọ nǹkan kan."

"Ẹ kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni?"

"Ohun tẹ́ ẹ rí. Ṣebí ojú àkọ́kọ́ ni."

Bàbá Rọra fa ìwé mọ́ra. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Nígbà tó parí, ó yí ìwé náà sí Sítọ́ọ̀, Sítọ́ọ̀ sì kà á sókè jẹ́jẹ́: "Páànù tó wà lẹ́bàá imú, lábẹ́ bàálù, yíjú padà. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó ṣe ike. Bó ṣe rí lára bàálù gidi nìyẹn, èmi ni mo sì kàn án bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá ìrù péye, àbúrò ìyàwó mi ló kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì kan èyíkéyìí nínú méjèèjì."

"Ìwọ lo máa kà á fún wọn ni?" ni Bàbá Rọra bi í.

"Iṣẹ́ yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa kà á. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ilé ìdáná yẹn."

"Nígbà wo?"

"Bá a bá ti ìpàdé dé."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n jáde. Ọ̀nà ilé ìkàwé kì í gba ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kọjá, àmọ́ ibẹ̀ ni Sítọ́ọ̀ yà sí, Bàbá Rọra sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú páálí lábíyá. Oòrùn ń ràn. Bàálù wà lórí òpó rẹ̀, ọ̀dà tó nípọn bo ara rẹ̀, ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sí ìdí táyà rẹ̀. Sítọ́ọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi tí òjìji ìrù bọ́ sí. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó sì wo òkè. Ó wò ó títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó fi ọwọ́ gbé ẹ̀yìn orí ró, ó tún ń wò ó.

Ọlọ́dẹ géètì jáde wá láti inú àgọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ṣé nǹkan yín há sókè ni?"

"Rárá o," ni Sítọ́ọ̀ dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń wò."

Ọlọ́dẹ náà gbójú sókè, kò rí nǹkan kan. Ó yíjú sí Bàbá Rọra, bóyá yóò là á yé òun. Bàbá Rọra gbá páálí mọ́ àyà. Òkúta ilẹ̀ ló ń wò.